Dókítà Tó Ń Béèrè Ohun Dídùn ní Ẹ̀fọ̀n

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo ti pọn Dúró sẹ́yìn. Ọmọ Bọ̀sẹ̀dé, àbúrò mi, ni Dúró, àmọ́ èmi ni mò ń pọ̀n ọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ o. Ọmọ tó kọ́kọ́ bí ti kú, ó sì kú láìpẹ́ sígbà tí gbogbo ìjọ wa ń yìn ín pé ó sanra, ó wúwo. Látìgbà náà, oorun dá lójú Bọ̀sẹ̀dé, kì í rẹ́rìn-ín. Bó bá ń fún Dúró lọ́mú, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá ṣe tán, á dá a padà fún mi. Wọ́n ní dókítà kan ń wá sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lóṣooṣù, pé ó ń tọ́jú irú rẹ̀ láìgún abẹ́rẹ́. Mo ní lílọ la ó lọ.

Abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó la ṣì wà nígbà yẹn. Náírà kan àbọ̀ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa láti Ìjerò, ìlú wa, dé Àràmọ̀kọ, nínú pijó tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀ kan. Èmi fẹ́ràn ọkọ̀ tó bá mọ̀ pé òun ti darúgbó. Kì í sáré. Ní Àràmọ̀kọ, a ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Mo jẹ tèmi tán. Bọ̀sẹ̀dé tú ewé tirẹ̀, ó wò ó, ó tún un dì.

Nínú ọkọ̀ kejì, obìnrin oníṣòwò kan tó ti Òṣogbo wá fọwọ́ kan Dúró lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ọmọ yìí mà sanra o."

Bọ̀sẹ̀dé di àga ọkọ̀ mú. Mo kọjú sí obìnrin náà. "Ó burẹ́wà lẹ ó sọ, ìyá. A kì í fẹnu wọn ọmọ."

"Ẹ má bínú, ẹnu mi ló yọ̀. Ó burẹ́wà." Ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lé mi lọ́wọ́, ó fi bẹ̀ mí. Èèyàn dáadáa ni.

Láti Ìtawùrẹ́ ni ọ̀nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ òkè lára. Dẹ́rẹ́bà ní, "Àǹtí, ẹ wo ìsàlẹ̀. Ìkùukùu la gùn kọjá yẹn." Mo wò ó lẹ́ẹ̀kan, òòyì kọ́ mi, mo dijú. Bọ̀sẹ̀dé kò di tirẹ̀.

Ní Ẹ̀fọ̀n, ulé ni wọ́n ń pe ilé bíi tiwa, ṣùgbọ́n ohùn wọn yàtọ̀, otútù wọn sì ju tiwa lọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni dókítà náà, obìnrin tó tó bí wa lọ́mọ, ó wọ súwẹ́tà. Kò gbé ohunkóhun lé Bọ̀sẹ̀dé láyà. Ó kàn bi í pé, "Kí ló dùn mọ́ ọ lójú ọ̀nà lónìí?"

Mo ní, "Dókítà, kò jẹun, kò sì..."

"Ọmọ mi, mo ti gbọ́ tìrẹ. Tirẹ̀ ni mo ń béèrè."

Bọ̀sẹ̀dé dáhùn. "Ìkùukùu. Ó wà nísàlẹ̀ wa. Ara mi fúyẹ́ díẹ̀." Ló bá bú sẹ́kún. "Ẹ má jẹ́ kí n máa sọ ọ́, mà. Ohun tó bá dára tí mo bá sọ, lílọ ló ń lọ."

Dókítà kò fi í rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbẹ̀rù àti ìbànújẹ́ ti gba gbogbo àyè ọkàn rẹ̀, pé ayọ̀ kéékèèké lòun fẹ́ kí a máa kó wọlé díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi rí àyè jókòó. Lójoojúmọ́, kó wá ohun dídùn kan. Kó má tètè gbé e mì, kó máa fà á mu bí ìrèké, lẹ́yìn náà kó sọ ọ́ jáde fún ẹnì kan. "Àìsàn ló mú ọmọ yẹn lọ, kì í ṣe ìyìn. Mi ò ní kó o gbà mí gbọ́ lónìí. Dán an wò ná, kó o sì padà wá lóṣù tó ń bọ̀."

Ká sòótọ́, inú bí mi díẹ̀. Gbogbo òkè tí a gùn, ọ̀rọ̀ lásán la gbà bọ̀. A jẹ iyán kí a tó kúrò ní Ẹ̀fọ̀n, Bọ̀sẹ̀dé sì bu òkèlè bíi mélòó kan. A dé Ìjerò nírọ̀lẹ́.

Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ níwájú ilé, ọ̀já tú, Dúró yọ̀ lẹ́yìn mi. Bọ̀sẹ̀dé ló gbá a mú. Mo na ọwọ́ kí n gbà á, kò fún mi. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó ń wo ojú ọmọ náà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "ọmọ yìí wúwo."

"Ó burẹ́wà" ti dé ètè mi. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ohun dídùn tirẹ̀ fún ọjọ́ náà nìyẹn, èmi ló sì yàn láti sọ ọ́ fún. Àyà èmi náà ń já.

"Ó wúwo," mo ní. "Bi ẹ̀yìn mi léèrè."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó pọn ọmọ rẹ̀, ó wọlé. Ẹ̀yin ará mi, ohun tí mo mú bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n nìyẹn: ayọ̀ pàápàá ń fẹ́ ẹni tí yóò dá a lóhùn. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọ̀já lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lẹ́yìn, mo sì sunkún ayọ̀.