Ẹgbẹ̀rin Ẹ̀dà fún Ogún Ènìyàn

Òfin tí ẹni tó ṣe é kò pa mọ́, ṣé òfin ṣì ni níwájú Ọlọ́run? Mo bi pásítọ̀ wa, ó ní kí n máa gbàdúrà sí i. Mo gbàdúrà sí i. Ọdún ń gorí ọdún, mi ò tíì rí èsì. Mo ṣì jẹ́ díákónì nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Bàrígà, mo ṣì ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ẹ̀kọ́ Bíbélì láràárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ṣùgbọ́n tí ẹ̀kọ́ bá ti dé ibi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ nípa aláṣẹ, mo máa ń wá ẹlòmíì tí yóò bá mi kọ́ ọ.

Bámilóyè Àjàlá ló gbé ìbéèrè yìí kọ́ mi lọ́rùn, kì í sì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Atẹ̀wé ni, ní Ṣómólú. Yíǹkì ti wọ èékánná rẹ̀ débi pé ọṣẹ kankan kò lè yọ ọ́ mọ́. Bó bá ti gba ìwé ìtòlẹ́sẹẹsẹ ìsìn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, á kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ lọ tọ etí rẹ̀ bọ̀, á ní, "Ẹni tó gé bébà yìí ń tòògbé." Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó wá kọ́ṣẹ́ l'Ékòó, kò sì kúrò ní Ṣómólú mọ́. Ẹ̀rọ kan ló ní, arúgbó ẹ̀rọ tó máa ń wúkọ́ kó tó gbéra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà ni Munirat máa ń jókòó, obìnrin tó ń bá a ká ìwé tó ń bá a dì í. Ọwọ́ Munirat yá, ẹnu rẹ̀ tún yá jù ú lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Bámilóyè ni pé ó ń gbọ́ràn. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ń gbọ́ràn ṣọ̀wọ́n bí omi ẹ̀rọ. Bí ènìyàn bá wá bá a pé kó bá òun tẹ ìwé ẹ̀rí tí òun kò jókòó ṣe ìdánwò rẹ̀, á lé onítọ̀hún jáde, onítọ̀hún á sì rí i tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kejì, kó tó di ọ̀sán. Bámilóyè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń lé wọn síbẹ̀.

Ìgbà tí àrùn kòrónà dé, tí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé, ọ̀gá kan ní káńsù, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́ládé, tí gbogbo wa ń pè ní Ọnọrébù, ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí yóò máa rí sí òfin náà ní àdúgbò wa. Ọ̀dọ̀ Bámilóyè ló ti wá tẹ pósítà. DÚRÓ SÍLÉ. Ẹ MÁ ṢE PÉ JÙ OGÚN ÈNÌYÀN LỌ. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni àwòrán Ọnọrébù fẹ̀ tó lókè rẹ̀, pẹ̀lú fìlà, pẹ̀lú ẹ̀rín.

Munirat gbé ọ̀kan sókè, ó wò ó, ó kọjú sí Bámilóyè, ó ní, "Bàbá Fimíhàn, ẹni tí kò mọ̀wé kà á rò pé àrùn yẹn gan-an la ya àwòrán rẹ̀ síbí o."

Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri láti Ṣómólú títí dé etí ọ̀sà ní Bàrígà. Lábẹ́ pósítà náà ni àwọn géńdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Lábẹ́ rẹ̀ làwọn kan ti ń ta ayò, ìbòmú wọn ń fì ní àgbọ̀n bí irùngbọ̀n òbúkọ. Ìjọ kan wà ní òpópónà wa, mi ò ní dárúkọ wọn, tí wọ́n ti fèrèsé pa, tí wọ́n ń fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kọrin, bíi pé etí ni àrùn fi ń wá ènìyàn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọnọrébù gba ọpọ́n ata lọ́wọ́ obìnrin kan, wọ́n nà án lẹ́gba, wọ́n ní kò bo imú. Ẹni tó nà án kò bo imú, kò bo ẹnu, ó tún ń tutọ́ bó ṣe ń bú u. Àwa tí a jókòó sílé, òmùgọ̀ la jọ lójú ara wa.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Ọjọ́ Àjíǹde, Bámilóyè wá dúró lẹ́nu géètì mi ní àárọ̀. Kò wọlé. Ó jìnnà sí mi gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí.

"Díkìn, ìyá mi ti lọ."

Mo kí i kú ara fẹ́ra kù. Mo ní kó wọlé jókòó, ó ní rárá.

"Ọ̀túnla ni wọ́n fẹ́ sin wọ́n. Awakọ̀ kan wà tó mọ ọ̀nà inú igbó, ó ní òun lè gbé mi kọjá. Díkìn, èmi ni àkọ́bí. Èmi ló yẹ kí n kọ́kọ́ da erùpẹ̀."

"Òfin ńkọ́?"

"Òfin ló gbé mi wá bá yín."

Mo wọlé lọ mú Bíbélì mi. Láti ibi tí mo dúró sí ni mo ti ka ibi tí àpọ́sítélì ti sọ pé ọwọ́ Ọlọ́run ni agbára aláṣẹ ti wá. Mo kà á ketekete. Mo ní ìyá rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ Olúwa, erùpẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Mo ní bó bá lọ kó àrùn bá àwọn arúgbó ìlú ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni, mi ò tíì rí ibi tó ti wọ́. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ó dáa, sà," ó sì padà sílé rẹ̀.

Nítorí náà fóònù ni wọ́n fi sin ìyá Bámilóyè. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tolúwalọpẹ́, gbé fóònù sí etí kòtò kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè máa rí i. Nígbà tó kan kí àkọ́bí da erùpẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bámilóyè bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ̀kì já. Nígbà tí yóò fi padà, wọ́n ti ń fi ṣọ́bìrì da erùpẹ̀ sí i. Ó gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́yìn tó ní, "Ẹ gbé nǹkan yẹn kúrò níbẹ̀, ṣé fóònù ni àkọ́bí wọn ni?"

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, ìyá Ọnọrébù kú.

Wọ́n ti ní kí àwọn ṣọ́ọ̀bù máa ṣí díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ ti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn, àpéjọ kò sì gbọdọ̀ ju ogún ènìyàn yẹn lọ. Ọnọrébù sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ dúdú ló wọ̀.

"Atẹ̀wé mi! Ìyá mi ti fi ayé sílẹ̀ o."

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù, Ọnọrébù. Ẹ̀yìn wọn á dáa."

"Àmín o. Ìwé ètò ìsìnkú, ẹgbẹ̀rin ẹ̀dà ni mo fẹ́. Kó dán gbinrin. Sítíkà ọkọ̀, igba. Kí o tún bá mi tẹ ojú màmá sára ìbòmú, ká fi tọrẹ."

"Igba ọkọ̀, sà? Ṣebí ìlú yín ti wọ ìpínlẹ̀ Ògùn?"

"Ṣé kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn ni?"

Munirat kò gbójú sókè nínú ìwé tó ń ká. "Ọnọrébù, ẹ forí jì mí o. Èwo wá ni ti ogún èèyàn inú pósítà yẹn?"

Ọnọrébù rẹ́rìn-ín. Kò bínú rárá, ìyẹn ló dùn mí jù nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ó ní, "Àǹtí, àwọn tí pósítà wà fún mọ ara wọn." Ó wá fi ìka lé iwájú ìwé ètò kan tó mú wá bí àpẹẹrẹ. "Ẹ kọ ọ́ síbí: Nítorí àsìkò tí a wà, ẹbí nìkan ni a pè."

Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe yí kọ́nà báyìí ni Munirat pàtẹ́wọ́. "Ẹbí ẹlẹ́gbẹ̀rin! Màmá yẹn mà bímọ o. Àwọn agbẹ̀bí á ti sá wọ igbó!"

Àwọn tó mọ iṣẹ́ atẹ̀wé mọ̀ pé iye ẹ̀dà kì í parọ́. Ènìyàn lè sọ ohun tó wù ú fún ìjọba àti fún àwọn oníròyìn, ṣùgbọ́n atẹ̀wé ló máa ń sọ iye tó ń bọ̀ gan-an fún. Mo bi Bámilóyè nígbà tó yá pé kí ló dé tí kò lé ọkùnrin náà bó ṣe ń lé àwọn oníwèé ẹ̀rí. Ó ní, "Òkú ni, Díkìn. Ìyá ẹnì kan lòun náà."

Fídíò ìsìnkú náà dé orí fóònù gbogbo wa. Àgọ́ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn èèyàn ńlá jókòó níwájú, wọ́n so ojú màmá mọ́ àgbọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ tó na aláta ló ń júwe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Wọ́n ní níbi tí wọ́n ti dá ọ̀nà dúró láàárín Èkó àti Ògùn, bí ọlọ́pàá bá ti rí sítíkà lára gíláàsì ọkọ̀, á gbé igi kúrò, á sì kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Oòrùn ràn lọ́jọ́ náà, kò sí àwọsánmà kan. Mo jáde síta, mo wo ojú ọ̀run títí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí atẹ̀wé tó ń tẹ iye tí wọ́n ní kó tẹ̀ láìfi díẹ̀ lé e, nítorí pé bébà lè ya, àwọ̀ lè má gbé. Sítíkà mẹ́sàn-án ṣẹ́kù sórí tábìlì Bámilóyè. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà sì ni Tolúwalọpẹ́ pè é.

"Bọ̀dá mi, ọjọ́ tí Màámi bá pé ogójì ọjọ́ la fẹ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibojì wọn. Àwọn tó kù ń bínú yín. Mo ti bẹ̀ wọ́n. Bí ẹ bá lè wá fọwọ́ yín bu erùpẹ̀ lé e kí wọ́n tó rẹ́ ẹ, ó ti parí nìyẹn. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, Bọ̀dá mi, mi ò ní ẹnu mọ́."

Ó mú sítíkà kan wá bá mi. Ó tẹ́ ẹ sórí ògiri kúkurú ilé mi, ó fi ọwọ́ ràn án kó lè tẹ́jú.

"Ẹ wo eléyìí, Díkìn. Bí mo bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró. Wọ́n á tún kí mi ni."

Mo wo ojú obìnrin arúgbó náà lórí sítíkà, obìnrin tí mi ò mọ̀ rí. Mo ní, "Irọ́ ni, Bámilóyè. Ìyá ẹlòmíì ni wàá fi bojú lọ síbi ibojì ìyá rẹ."

"Irọ́ ni lóòótọ́."

"Ohun tí Ọnọrébù ṣe kò sọ ọ́ di òótọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Mi ò ṣí Bíbélì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ṣí i, ó lè bọ́ sí ibòmíràn, níbi tí Olúwa ti bínú sí àwọn tó ń di ẹrù wúwo lé ẹlòmíì lórí, tí àwọn fúnra wọn kò fi ìka kàn án. Bámilóyè ká sítíkà náà, ó fi sí àpò, ó sì padà sí Ṣómólú. Kò lọ. Wọ́n rẹ́ ibojì. Ọmọ mẹ́fà ni ìyá náà bí. Orúkọ márùn-ún ni wọ́n kọ sára òkúta.

Ọnọrébù ti kúrò ní káńsù báyìí, ó ti gòkè sí i. Ọdún tó kọjá ó wá ṣe ìdúpẹ́ nínú ìjọ wa, ìlà iwájú ló jókòó sí, èmi fúnra mi ni mo mú un lọ síbẹ̀. Ó dìde, ó ní ẹni tó bá ń gbọ́ràn, Ọlọ́run kì í gbàgbé rẹ̀. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí Bámilóyè. Òun náà ṣe àmín.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá ló tún wá sílé mi. Ó wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó jókòó. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Àwòrán ìwé ìpè síbi ìrántí ìyá wọn ni, àwọn àbúrò rẹ̀ ló fẹ́ ṣe é lóṣù tó ń bọ̀. Atẹ̀wé ni àkọ́bí wọn, ọ̀dọ̀ atẹ̀wé mìíràn ni wọ́n ti lọ tẹ̀ ẹ́, l'Ógbómọ̀ṣọ́. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Tolúwalọpẹ́ ló fi ránṣẹ́ sí i ní ìkọ̀kọ̀.

"Wọn ò tiẹ̀ gé e gún," ó ní.

Mo ní, "Lọ bá wọn. Ọ̀nà ti ṣí."

"Mo ti pè wọ́n, Díkìn. Wọ́n ní ilé ni mo sá sí, wọ́n ní òfin ni mo fi bojú, pé ẹni tó bá fẹ́ wá á ti wá, àwọn náà ṣáà rí fídíò àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà náà. Ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀ wọ́n létí mọ́."

Ó gba fóònù rẹ̀, ó pa á, ó gbé e lé orúnkún.

"Ojú rere kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín, sà. Ẹ bá mi lọ l'óṣù tó ń bọ̀. Ẹ má wàásù fún wọn. Ẹ ṣáà dúró níwájú wọn, kí ẹ sọ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fẹ́ wá, pé ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà, ẹ̀yin lẹ ní kí n má wá. Ṣé ẹ máa lè sọ ọ́?"