Ẹrẹ̀ Ara Bàtà Tantí Nimatou

Tantí Nimatou, àbúrò bàbá mi, ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ohun abẹ̀mí inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara wọn, síbẹ̀ wọ́n ń jẹun, wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń bí sí i. Ó ní irú wọn ti wà láyé tipẹ́ kí ènìyàn tó dé.

Omi adágún kan lẹ́bàá igbó Agoua ló fẹ́ fi parí iṣẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Nígbà tó débẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ẹ́ tán. Ó bu ìwọ̀nba tó kù sínú korobá, ó gbé e wá sílé wa ní Bantè, kí ó lè gbé e lọ sí Savalou, níbi tí olùkọ́ kan ti fẹ́ yá a ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá.

Màmá Àgbà, ìyá rẹ̀, wo bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ Tantí.

“Akọ̀wé yunifásítì! Àgbẹ̀ ilé wa kì í gbé ẹrẹ̀ tó báyìí wálé.”

“Màmá, ẹ fi mí sílẹ̀ o, ó ti rẹ̀ mí.”

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, omi korobá ti tòrò kedere. Màmá Àgbà ti fi álọ́ọ̀mù sí i, bí a ti ń ṣe sí omi odò.

“Mo ti bá ọ tọ́jú rẹ̀. Ṣé omi ìdọ̀tí yẹn ni o fẹ́ máa mu lọ́nà?”

Tantí jókòó sílẹ̀. Álọ́ọ̀mù ti pa àwọn ohun abẹ̀mí inú omi náà, ọjọ́ tí yóò fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn kò sì ní dúró de òjò.

“Ẹ ṣeun, Màmá,” ló sọ. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé.

“Háà! Ọwọ́ ara mi ni mo fi bà á jẹ́!” Màmá Àgbà kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó kó bàtà náà, ó fẹ́ gbọn ẹrẹ̀ gbígbẹ ara rẹ̀ dànù, ó kéré tán.

“Ẹ má gbọn ọ́n!” Tantí ti dìde. “Bí omi bá gbẹ, àwọn kan nínú wọn a fi èèpo líle bo ara wọn, wọn a sùn títí omi yóò fi padà.”

A rọra ha ẹrẹ̀ náà sínú abọ́. Tantí da omi tí a ti sè, tó ti tutù, lé e lórí.

Ní ọjọ́ kejì, Màmá Àgbà àti èmi bá a gbé abọ́ náà lọ sí Savalou. Tantí wo inú awò náà títí, lẹ́yìn náà ó fà mí mọ́ra kí n wò ó. Mo rí ọ̀kan nínú wọn tó rí bí ẹ̀wà, tó ń yí kiri. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó fi hàn mí, mo sì dúpẹ́ pé kò sọ ọ̀rọ̀ líle sí ìyá rẹ̀.

Màmá Àgbà náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó.

“Àwọn wọ̀nyí ló ṣáájú wa dáyé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Ó tẹ orúnkún díẹ̀.

“Ẹ jíire o. Ẹ má bínú.”