Páúdà Tó Fẹ̀sùn Kan Epo Àǹtí Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí o, torí ojú ṣì ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Àǹtí Bọ́sẹ̀, àbúrò màmá mi tó tọ́ mi dàgbà, ń ta epo pupa n'Íkòtún. Èmi ń ka kẹ́mísìrì ní yunifásítì. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbẹ̀ ni páúdà kan tí a fi sílíkà, èròjà inú iyanrìn, ṣe, tó máa ń dá dáì pupa mọ̀, ìyẹn èyí táwọn oníjìbìtì ń pò mọ́ epo kó lè pọ́n.

A ó po dáì náà mọ́ sílíkà nígbà tó ṣì rọ̀. Tó bá ti le, a ó fọ dáì yẹn kúrò. Àyè tó fi sílẹ̀ dà bí ipa ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀: ẹsẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ ló máa bá a mu, torí náà dáì yẹn nìkan ló lè há síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní kí n dán an wò lára epo Àǹtí. Ta ló rán mi níṣẹ́? Mo da epo sí i, mo fọ epo náà kúrò pátápátá, mo wá da spírítì lé e. Tí dáì bá há síbẹ̀, spírítì ni yóò fà á jáde.

Pupa ló jáde!

Epo tí gbogbo wa ń jẹ nílé? Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìgándò, mo já wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, mo sì pariwo níṣojú àwọn oníbàárà: "Àǹtí, dáì wà nínú epo yín!"

Oníbàárà méjì gbé kẹ́ẹ̀gì wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Àǹtí ò bá mi jà. Wọ́n ní èmi ni mo kàwé, àwọn gbà mí gbọ́. Wọ́n wá pe Bàbá Akin, tó ti ń gbé epo wá fún wọn láti Oǹdó kí wọ́n tó bí mi, wọ́n sì pè é ní apànìyàn lórí fóònù. Ohun tí bàbá náà ń sọ ṣáá ni pé, "Bọ́sẹ̀, èmi kẹ̀?"

Mo délé, ọkàn mi ò balẹ̀. Mo da spírítì lásán sórí páúdà tí epo kankan ò kàn rí. Pupa! Yéè! Dáì tí mo fọwọ́ ara mi pò mọ́ ọn ni, tí mi ò fọ̀ tán!

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ páúdà náà. Mo tún epo Àǹtí dán wò, kò sí dáì kankan nínú rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ bẹ Àǹtí. Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n pe Bàbá Akin fúnra mi. Bàbá gbọ́ mi tán láìjá lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n ní kí n bá àwọn kí Bọ́sẹ̀, pé àwọn ti rí ẹlòmíì tí yóò máa gba epo lọ́wọ́ àwọn n'Ípájà.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnu páúdà nìkan ni mo gbọ́ tí mo fi dájọ́, mi ò kọ́kọ́ wádìí páúdà fúnra rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ ti fẹ̀sùn kàn rí, tó wá jẹ́ pé ọwọ́ yín gan-an ni àbàwọ́n wà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó má jẹ́ èmi nìkan.