Ọ̀pá Tí Kò Dé Ìsàlẹ̀

Ẹ bá mi fara dà á bí ọ̀rọ̀ mi bá ń rìn bí ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ. Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó tẹ̀lé bàbá àgbà mi lọ sí oko, láti ìgbà náà n kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọ nǹkan tó ju orúkọ mi lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì mí láti fi ẹnu sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Mo rántí òórùn òróró tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ń nu irin ìbọn ní yàrá ìjókòó ilé wọn ní Rippleside. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ń gbé nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, tí mo ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná ilé ẹ̀kọ́ kan. Dádì ni mo ń pè wọ́n, mo sì ń pe ìyàwó wọn ní Mọ́mì. Ilé iṣẹ́ mọ́tò ni Dádì ti fẹ̀yìn tì. Bí bọ́ọ̀sì bá gbé wa kọjá ní Beam Park, níbi tí ilé tuntun ti bo ilẹ̀ ilé iṣẹ́ náà, wọn á na ìka sí fèrèsé ilé onílé, wọn á ní, "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ń de ìlẹ̀kùn mọ́ mọ́tò." Ọmọ ọdẹ Èkìtì ni wọ́n. Wọ́n ní ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, wọ́n ní àpótí irin tí a dè mọ́ ògiri, wọ́n sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tó ń yin ìbọn àtijọ́ sí pátákó ní òpin ọ̀sẹ̀. Ohun kan ló kù tí ọkàn wọn ń fà sí: àfijọ ìbọn tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń pa ẹfọ̀n nínú pápá láyé àtijọ́, èyí tí a ń gba ẹnu rẹ̀ ki ẹ̀tù bí a ti ń ṣe sí ṣakabùlà bàbá wọn. Kì í ṣe èyíkéyìí ṣá o. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn àfijọ náà, idẹ yanranyanran tí a fi ń fa ojú ẹni tí kò mọ̀. Èyí tó bá jọ ti àtijọ́ lóòótọ́, irin rẹ̀ ní igun mẹ́jọ, ó wúwo, ọ̀ṣọ́ ara rẹ̀ jẹ́ irin dúdú, igi rẹ̀ kì í sì í dé ẹnu. "Ẹni tó bá fẹ́ rántí bàbá rẹ̀," ni Dádì máa ń wí, "kò gbọdọ̀ fi nǹkan ìṣeré rántí rẹ̀."

Wọ́n ní ọ̀rẹ́ kan ní Chadwell Heath. Àwọn méjèèjì jọ ṣiṣẹ́ mọ́tò, wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ ìbọn, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n sì ti ń jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wa fún ọgbọ̀n ọdún. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọ̀rẹ́ náà gbé irú ìbọn yìí gan-an wá, ó ní òun fẹ́ tà á fún Dádì.

Láti ẹnu ọ̀nà ni ara ti fu mí. Mọ́tò ara rẹ̀ ló máa ń gbé wá tẹ́lẹ̀, táásì ló wọ̀ wá lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí mo kúnlẹ̀ kí i, ògiri ẹ̀yìn mi ló ń wò. Mo gbé tíì fún un, ọwọ́ rẹ̀ rìn yí ife náà ká kó tó dì í mú, bíi ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Dádì ní kó ka nọ́ńbà ara irin náà kí àwọn lè fi wé ti inú ìwé àṣẹ rẹ̀.

"Kà á fúnra rẹ," ló wí. "Ṣé akọ̀wé rẹ ni mí?"

"Kí ló dé tó o fẹ́ tà á? Ìwọ tí o kì í jẹ́ kí eṣinṣin bà lé e."

"Ó ti sú mi."

Bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀wà àná ló ṣe sọ ọ́. Nílé wa, wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ọkùnrin yìí kò sì fẹ́ kí ojú òun pàdé ti ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbà mi a máa sọ pé ìfura loògùn àgbà. Èmi tí n kò tíì dàgbà ti gbé oògùn náà mì tìgò-tìgò.

Dádì gbé ìbọn náà lé orí tábìlì. Ó dára, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Irin dúdú, igun mẹ́jọ, kò sí idẹ kan lára rẹ̀. Inú wọn dùn débi tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣeré. "Ọmọ ọdẹ, sún mọ́bí! Àbí ẹ̀rù ń bà ọ́?"

"Fi í sílẹ̀ jàre," ni ọ̀rẹ́ wọn wí. "Abọ́ ló mọ̀ ọ́n fọ̀."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Mo dìde. Bàbá àgbà kọ́ mi pé kí ọwọ́ tó gbá ìbọn ẹlòmíràn mú, ọ̀pá ìkibọn ni kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Wàá tì í wọlé títí yóò fi dúró, wàá fi àtàǹpàkò sàmì sí i ní ẹnu ìbọn, wàá fà á yọ, wàá wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà lóde. Bó bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, òfìfo ni. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan kan wà tó ń sùn nínú rẹ̀. Mo ṣe é níṣojú wọn láìsọ̀rọ̀. Ọ̀pá náà fi ìka mẹ́ta kù díẹ̀ káàtó. Ìwọ̀n ẹ̀tù tí bàbá àgbà máa ń ki de ìgalà nìyẹn. Mọ́mì sì jókòó ní ọ̀kánkán ẹnu ìbọn náà, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

N kò lè sọ ọ́ níwájú àlejò. Mo lọ sí kíṣìn, mo pe Dádì, mo sì sọ ọ́ sí wọn létí pé, "Dádì, ẹ̀tù wà nínú rẹ̀."

Ojú wọn yí padà. Nígbà tí a padà wọlé, wọ́n kọ́kọ́ yí ẹnu ìbọn sí ògiri. "O gbé ìbọn tó ní ẹ̀tù nínú wọ ilé mi? Níwájú ìyàwó mi?"

"Ẹ̀tù wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀pá kò dé ìsàlẹ̀."

"Ọ̀pá kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀, torí pé ìdí rẹ̀..."

"Má parọ́ lé e!" ni Dádì fi gé ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Nínú ọkàn mi, mo ní, ẹ ò rí i, ó ti ń wá àlàyé.

Ọkùnrin náà wá ìbòrí ìbọn rẹ̀, ó pẹ́ kó tó rí i, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà. "Ọgbọ̀n ọdún," ló wí, "ọ̀rọ̀ ọmọdé lo wá gbà lórí tèmi." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò wá ní èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Dádì ń fi Bíbélì wọn sí àyè rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kí ẹlòmíràn má baà jókòó síbẹ̀. Mo rí i, mo ní, ó mọ ohun tó ṣe, ìtìjú ló ń pa á.

Ní Sátidé kẹta, èmi àti Dádì wọ ọkọ̀ ojú irin jáde ní Lọ́ńdọ̀nù, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù òyìnbó àgbà kan tó ń ta àfijọ ìbọn àtijọ́. Ó gbé méjì kalẹ̀. Ọ̀kan kún fún idẹ, Dádì sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìkejì dúdú, igun mẹ́jọ, ó jọ ti ọ̀rẹ́ wọn bí ìbejì. Òyìnbó náà ní kí òun fi hàn wá pé kò sí nǹkan nínú méjèèjì. Ó fi ọ̀pá sínú onídẹ, ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó fi í sínú ti dúdú, ó fà á yọ, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ irin náà. Ìka mẹ́ta ló fi kù.

Dádì bi òyìnbó náà léèrè ohun tó fà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ibẹ̀ gan-an la ti ń mọ ojúlówó. Ìsàlẹ̀ irin ti àtijọ́ há ju òkè rẹ̀ lọ, inú ibi híhá náà ni ẹ̀tù ń jókòó sí, ọ̀pá kò sì lè wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àfijọ yẹpẹrẹ kì í ṣe wàhálà yẹn.

Dádì dúpẹ́, wọn kò ra nǹkan kan. Nínú ọkọ̀ ojú irin, wọn kò bá mi wí. Ì bá sàn kí wọ́n bá mi wí. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Barking ni wọ́n sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ó fẹ́ sọ fún mi. Èmi ni n kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ojú wo ni mo fẹ́ fi wò ó báyìí?"

Mo ti ní yàrá tèmi báyìí, mo sì ṣì ń fura sí ènìyàn, n kò ní parọ́. Ọ̀pá bàbá àgbà kò ṣèké rí. Àmọ́ ìbọn tí wọ́n fi kọ́ mi nìkan ló mọ̀, èmi ni mo gbé e lọ wọn ohun tí kò mọ̀. Nígbà tí ara bá fu mí sí ẹnìkan lónìí, ọ̀pá ọwọ́ ara mi ni mo kọ́kọ́ ń wò.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a ti ọ̀dọ̀ òyìnbó náà dé, mo dìde kí Mọ́mì tó jí, mo sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Chadwell Heath láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ Dádì ló ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, ọwọ́ wọn kan lára ògiri. Mo kúnlẹ̀ lórí kọnkéré tútù, mo tẹrí ba, mo sì dúró, nítorí mo rò pé ìkúnlẹ̀ náà á bá mi sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Wọ́n wo òkè orí mi, sí ojú títì, bí wọ́n ti wo ògiri lọ́jọ́ náà.

"Ta nìyẹn?" ni wọ́n wí. "Ta ló tẹ aago?" Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ń wá ènìyàn nínú afẹ́fẹ́, ọwọ́ náà sì kọjá lókè orí mi.

Ìgbà yẹn ni mo mọ ìdí táásì, ìdí ife tíì, ìdí nọ́ńbà tí wọn kò kà, àti ìdí tí ìbọn fi sú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọn kò rí ìkúnlẹ̀ mi. Mo la ẹnu mi.

"Èmi ni, sà," mo wí, ohùn mi sì ga ju bí mo ti rò lọ. "Èmi tí mo fi ọ̀pá wọn ìbọn yín. Mo kúnlẹ̀ síbí, sà. Ẹ̀tù kankan ò sí nínú rẹ̀. Èmi ni mo ṣì í wọ̀n."