Ẹnu tuntun fún gègé bàbá mi

Èmi Músílì ni mo ń tẹ èyí fún Bàbá Lámídì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Inú ń bí wọn, wọn ò sì mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ wọn rèé:

Alákọ̀wé kan fi nọ́ńbà dá mi lágara lónìí!

Bàbá mi, àgbẹ̀ bíi tèmi, fi gègé kan tó ń fa tàdáwà mu sílẹ̀ fún mi. Òun ni mo fi ń fa àmì mi sórí ìwé. Ẹnu rẹ̀, irin ṣóńṣó tó ń kọ̀wé, ṣẹ́. Ọ̀la la sì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ààlà oko wa. Mo ti búra pé n ò ní ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

Mo gba Ṣakí lọ. Alákọ̀wé tó ń ta ẹnu gègé níbẹ̀ ní:

"Bàbá, nọ́ńbà wo?"

"N ò mọ nọ́ńbà. Gègé náà rèé, jẹ́ n dán wọn wò."

"A kì í dán an wò. Ẹ lọ bi ọmọ yín tó kàwé."

"Ṣé ọmọ mi ló ṣẹ́ ni?"

Ó tẹ fóònù láti wá nọ́ńbà, ó mú ẹnu kan. Ó já bọ́ lára gègé. Ó mú òmíràn. Kò wọlé.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ́, igi rẹ̀ ló ń gbé lọ bá alágbẹ̀dẹ. Mo da agolo tó kó ẹnu gègé sí sórí tábìlì, mo ń kì wọ́n bọ gègé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkẹrin wọlé ṣinṣin. Òǹtajà gbà á lọ́wọ́ mi, ó wá nọ́ńbà lára rẹ̀ títí.

Kò sí nọ́ńbà kankan!

Ẹ̀yin alákọ̀wé, nọ́ńbà wo lẹ̀ bá bèèrè? Ẹ fèsì, Músílì á kà á sí mi létí.

Àmì Bàbá Lámídì rèé, gègé náà ni wọ́n fi fà á kí n tó ya fọ́tò rẹ̀: X
Ẹlẹ́rìí: Ràfíù ọlọ́kadà tó gbé wọn lọ, àti Ìyá Lámídì, ìyàwó wọn, tó ti ní wọn ò ní rí ẹnu gègé rà.