Ẹ̀wù Tó Fi Sílẹ̀

Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán tí mi ò ríṣẹ́, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ẹ̀kọ́ lẹ́sìn kan ní Kétu. Ẹ̀rù máa ń bà mí kí wọ́n má lọ bi mí ní ohun tí mi ò mọ̀, mo sì máa ń ka ìwé atúmọ̀ èdè dé àwọn lẹ́tà wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé inú Látìn àtijọ́ ni “escape”, tí gbogbo wa mọ̀ sí kéèyàn sá àsálà, ti wá: kéèyàn bọ́ kúrò nínú ẹ̀wù àwọ̀lékè rẹ̀, kó fi í sílẹ̀ fún ẹni tó dì í mú. Inú mi dùn sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ ọ́ nílé títí ó fi sú wọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú síngílẹ́ẹ̀tì nìkan lọ́rùn.

“Ta ló bọ́ ẹ láṣọ?” Mọ́mì béèrè.

“Àwọn agbófinró tó ń mú èèyàn lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ Mile 12 ni. Mi ò gun afárá, mo sáré kọjá títì, ọ̀kan bá gbá ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú. Mo yọ apá, mo fi ẹ̀wù sílẹ̀ fún un. Tíṣà, ṣé bí àwọn ará Látìn ṣe ń ṣe é nìyẹn?”

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi náà fẹ́ rín in, àmọ́ ọkàn mi ti lọ sí àpò ẹ̀wù náà.

“Kí ló wà nínú àpò ẹ̀?”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi. Káàdì ìdánimọ̀ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní Ogudu ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò àti nọ́ńbà fóònù ẹ̀. Wọn ò tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọ̀gá wọn sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí agbófinró bá wá béèrè ní ọ́fíìsì, ilé ló ń lọ.

Fóònù ẹ̀ dún. A ò mọ nọ́ńbà náà. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹrin, ó tì í sí mi. “Ìwọ lo mọ̀wé.”

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o,” ọkùnrin kan wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ẹ bá mi kí ọ̀gá tó sá. Kó má da ara ẹ̀ láàmú láti wá gba káàdì ẹ̀. Àwa la máa dé ọ́fíìsì ẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la.”

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo mọ̀ pé á lọ pàdé wọn ní ọ́fíìsì bí mi ò bá sọ ọ́. Síbẹ̀ mi ò lè fara da ojú tó fi ń wò mí. Kí ojú yẹn ṣáà kúrò lára mi ni mo ń fẹ́.

“Wọ́n ṣi nọ́ńbà pè ni.”

Ó mí kanlẹ̀, ó fa àwo oúnjẹ ẹ̀ mọ́ra, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.