Wolé-wolé ló kó àrùn ran òdòdó ìyá mi

Wolé-wolé fẹ́ gbé mi lọ sí kóòtù lónìí nítorí àrùn tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ran òdòdó mi!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá yẹ ilé wa wò ní Akínyẹlé. Ó rí òdòdó inú pálọ̀, ó ní ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù, ẹ̀fọn á máa sá pamọ́ sí i. Kí n tó wí nǹkan kan, ó ti ń já a, ó ń bó èèpo igi rẹ̀ mọ́ ọn. Ọwọ́ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wá tanwíjí nínú àmù wa ló fi ń já a, lásìkò òjò yìí!

Ojú ọgbẹ́ náà kò gbẹ. Ó bu, ó funfun bí òwú, ó sì ń ràn lọ.

Àfi bó ṣe tún wọlé láàárọ̀ yìí tó yínmú.

"Ìyàwó tíṣà, kí ni nǹkan tó bu yìí ń ṣe nínú ilé? Ẹjọ́ ni o!"

"Ẹ̀yin lẹ já a, sà."

"Ewé ni mo já. Ṣé èmi ni mo ní kó bu?"

Mo gbé ìkòkò òdòdó náà lé e lọ́wọ́.

"Ó yá, ẹ gbé e dé kóòtù, kí adájọ́ bi yín ẹni tó dá ọgbẹ́ sí i lára."

Ó rọra gbé e kalẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò kákí rẹ̀, ó bọ́ síta.

Ìyá mi ló gé òdòdó yẹn fún mi láti gbìn kí wọ́n tó kú. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kù tí kò tíì bu.

Tí wolé-wolé bá tún kanlẹ̀kùn, ṣé kí n ṣí i? Ẹ dá mi lóhùn!